Ìgbálẹ̀ Òkété

Àlọ́ mi fà gbọọrọ lórí yanrìn, ó dúró lójúde Òkété afínjú. Ìyálẹ̀ta ni, oòrùn mú, afẹ́fẹ́ òkun sì ń kó yanrìn kúrò lórí ihò tí Òkété ń gbé.

Akàn, aládùúgbò rẹ̀, gé ìtàkùn gbọ̀ọ̀rọ̀ ayaba wá fún un. "Ọ̀rẹ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú yanrìn. Kò bèèrè ajílẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í pa á. Sáà fi í sílẹ̀, yóò di ilẹ̀ mú, ilé rẹ kò ní í wó."

Ìtàkùn hù, ó ń fà kiri. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni Òkété ń gbá a dànù, kí àlejò má baà pè é ní ọ̀bùn. Akàn wá kọrin:

Lílé: Òkété, ju ìgbálẹ̀ nù!
Ègbè: Jẹ́ kó fà!
Lílé: Ewé ló ń di yanrìn mú!
Ègbè: Jẹ́ kó fà!

"Orin àwọn ọ̀lẹ nìyẹn," ni Òkété wí.

Nígbà tí ìjì jà, ihò rẹ̀ wó. Ìgbálẹ̀ nìkan ló rí mú jáde. Ó sá lọ sílé Akàn, níbi tí ewé bo gbogbo ilẹ̀, tí yanrìn kò sì mira. Akàn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Òkété wo ojúde olóore rẹ̀ títí, ó ní, "Ọ̀rẹ́, o mà dọ̀tí o!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.