Jíà Mẹ́rin Síwájú, Ọ̀kan Sẹ́yìn

Mọ́tò kékeré náà ti pé tán lórí tábìlì Mùnírátù, jíà nìkan ló kù. Ara ọkọ̀ ìṣeré onípáànù kan ló ti yọ bọ́dì rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wá láti ara òmíràn, táyà rẹ̀ láti ara tírélà oníke, bọ́tìnnì kóòtù sì ni sítíárìn rẹ̀. Nígbà tó kó wọn jọ, kò sí èyí tó bá èkejì mu. Ó gé wọn, ó rin wọ́n, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, títí wọ́n fi gbà láti di mọ́tò kan.

Mọ́tò gidi wà níta lábẹ́ tapólì, nínú agboolé wọn ní Ìrẹmọ. Abdulwahab, ọmọ rẹ̀, ló rà á. Ọdún 1994 nìyẹn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti gbé e dé, ìyá rẹ̀ ò sì jẹ́ kó wà á kọjá ẹnu géètì. Iṣẹ́ tuntun ń dúró dè é ní Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé ló máa wọlé, wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹni tí kò bá ní mọ́tò kó má wulẹ̀ wá. Mùnírátù ní òun ò ní kó má lọ. Kí kékeré kọ́kọ́ parí ni.

Abdulwahab ti gbìyànjú láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ra mọ́tò ìṣeré pupa kan bọ̀ láti Ìbàdàn, ó ń tan iná, ó ń fọn fèrè. Ìyá rẹ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó gbé e padà fún un.

"Jíà ẹ̀ dà?"

"Màámi, ti ìṣeré kì í ní jíà."

"Tìẹ ní. Mẹ́rin síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Mo kà á."

"Kò lè mọ̀, Màámi."

"Ṣé o ti gbàgbé ọ̀rọ̀ bàtà ni?"

Abdulwahab fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Ó wà ní kíláàsì kẹrin lọ́dún tí ìyá rẹ̀ ra bàtà aláwọ fún un, tó ra onírọ́bà fún ẹnì kejì. Kò tíì wọ̀ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún náà. Láti ìgbà náà, ohun tí Mùnírátù bá rà, ọgbọọgba ló ń rà á. Fìlà Iléyá tó dá lọ́wọ́ télọ̀ lọ́dún 1994 náà pàápàá, méjì ni, aṣọ kan náà, ńlá àti kékeré.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ lọ bá nawọ́ sí jíábọ́ọ̀sì odindi mọ́tò, ó ní kó gbé e rù kó máa lọ sílé. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mùnírátù sọ fún wọn pé ẹni tí kò lè ṣe ohun kékeré, irọ́ ló ń pa nídìí ńlá, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó lọ sí Sábó, sọ́dọ̀ Àlíyù tó ń tún rédíò ṣe. Àlíyù tú rékọ́dà àlòkù kan, ó yọ àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú rẹ̀ fún un. Wọ́n tóbi jù, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò pa dé. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó gba àwọn oníke tó kéré sí i. Ìwọ̀nyí wọlé. Jíà kìíní lọ, ìkejì lọ, ó dé orí ìkẹrin. Nígbà tó ní kó rìn sẹ́yìn, eyín rẹ̀ gé.

Ó tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó ti sú Àlíyù.

"Ìyá, Ọlọ́run ò ní bínú tí mọ́tò ọmọdé ò bá rìn sẹ́yìn."

"Ọlọ́run kọ́ ni mò ń ṣe é fún."

Àlíyù bi í bóyá ọmọ náà ti dàgbà. Ó ní rárá. Àlíyù ní irú wọn ló máa ń fọ́ nǹkan jù. Mùnírátù ní èyí ò tíì fọ́ nǹkan kan rí.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, Abdulwahab ò lè fara dà á mọ́. Ó ká tapólì, ó ṣáná sí mọ́tò rẹ̀. Ó dún dáadáa. Ó rìn síwájú díẹ̀ láti yí orí padà, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ó wá ti rífáàsì, jíà kọ̀. Ó tì í títí òógùn fi bò ó. Wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó jáde, ó ní òun ò rí ohun tó ṣe é.

Mùnírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Èwo ló kọ̀?"

"Rífáàsì ni, Màámi."

Ó la ọwọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníke tí eyín rẹ̀ gé wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Abdulwahab wò ó, ó sì pa mọ́tò náà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Mùnírátù wọkọ̀ lọ sí Edunabon, níbi tí bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Oyèbánjí ti ń tún aago ṣe. Oyèbánjí ní aago ògiri kan tí ẹni tó ni ín ò wá gbà mọ́. Kẹ̀kẹ́ idẹ ló wà nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́, kò sí èyí tí eyín rẹ̀ yẹ̀. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe bí ẹni pé ó ń dùn ún.

"Ṣé ọmọ náà máa mọyì ẹ̀ báyìí?"

"Tí kò bá mọyì ẹ̀, Bàbá, a máa gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Mùnírátù to àwọn kẹ̀kẹ́ náà sínú mọ́tò kékeré. Ó tú wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó tì í síwájú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ó tì í sẹ́yìn, ó rìn. Níta, Abdulwahab jókòó sínú mọ́tò tó kọjú sí ògiri, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúró.

Mùnírátù gbé mọ́tò kékeré wọ yàrá, ó ṣí àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbé e síwájú ère igi tó dé fìlà Iléyá, ó ní, "Kẹ́hìndé, tìẹ rèé, ó pé," ó wá yọrí lójú fèrèsé, ó ké sí Abdulwahab pé, "Táyé, ti rífáàsì ẹ wò."