Ọ̀bọ Fi Ìdọ̀tí Dí Gọ́tà

Àlọ́ mi já pìn-ín, kò bọ́ síbòmíràn, ẹnu gọ́tà ilé Ọ̀bọ ló bọ́ sí.

Ẹfọ̀n, ọba ìlú ẹranko, kéde pé ẹni tí ilé rẹ̀ bá mọ́ jù ni yóò gba apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan. Ni Ọ̀bọ bá gbá èèpo iṣu, ọ̀rá omi àti agolo inú ilé rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà.

Òkété tó múlé tì í ń ri èèpo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́. Ó ní, "Ọ̀bọ, bí òjò bá dé ńkọ́?"

"Ìwọ tó ń sin ìdọ̀tí bí ẹni ń sin òkú! Ṣé inú ilé ni gọ́tà wà ni?" Ọ̀bọ bá dá orin, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbè é:

"Ilé ta ló mọ́ jù?"
"Ilé Ọ̀bọ!"
"Níbo nilẹ̀ ti ń dán?"
"Ilé Ọ̀bọ!"

Bí Ẹfọ̀n ṣe ń bọ̀ lọ́nà láti wá yẹ ilé wọn wò, òjò dé. Omi ò rọ́nà gbà, ló bá ya wọ ilé Ọ̀bọ, tòun tèèpo tòun tagolo. Ọ̀bọ sáré gun àjà.

Omi mu Ẹfọ̀n dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀bọ, ilé tó mọ́ náà dà?"

"Kábíyèsí, ẹ má wolẹ̀. Ẹ wo àjà!"

Ilé Òkété gbẹ, òun ni wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún. Ọ̀bọ ò sì sọ̀ kalẹ̀ títí dòní. Ó ní òkè ló mọ́.