Ife Omi Láti Ìlọrin sí Èkó

"Ta ló tiẹ̀ gbé ará oko yìí wọ bàálù?" Ọ̀gbẹ́ni Láṣèbìkan ń kùn sínú. Ìyá arúgbó tó jókòó tì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í bí Ìlọrin ṣe jìnnà sí Èkó tó ni.

Ó yínmú. "Ìyá, kí ẹ tó mu omi inú ife yín tán, a ti balẹ̀."

"O ṣé, ọmọ mi." Ìyá gbé ife sẹ́nu.

Ilẹ̀ ṣú, bàálù kò balẹ̀. Ọ̀fun ìyá tó ń gbé omi mì nìkan ló ń dún. Láṣèbìkan yọjú wo ife náà. Omi ṣì kún dẹ́nu.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún tán!"

"Mò ń mu ún, ọmọ mi."

Láṣèbìkan fọwọ́ pa àgbọ̀n. Irùngbọ̀n tó fá láàárọ̀ ti funfun, ó sì ti gùn dé ìdodo.