Àdúgbò Tó Dákẹ́ Rọ́rọ́

Ayàwòrán-ilé náà dúró lójú fèrèsé, ó tẹ́tí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ajá kan ò gbó, ẹnikẹ́ni ò kọjá.

"Àdúgbò kẹfà tí mo mú yín wò rèé, ẹ̀gbọ́n," ni alágbàtà ilé wí. Ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ni, ó ti pẹ́ nílùú òkèèrè yìí.

"Ibí ni mo fẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí, kò sẹ́ni tó máa rán mi níṣẹ́."

Nílé lọ́hùn-ún, inú yàrá ló ti ń ya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lójú ẹbí, ẹni tó jókòó sílé ò níṣẹ́. Bí gáàsì bá tán, òun ni yóò lọ rà á. Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, òun náà ni yóò lọ pàdé rẹ̀. "Ìwọ ṣáà wà nílé," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. Ohun tó jẹ́ kó kẹ́rù sọdá òkun nìyẹn.

Màmá onílé wọlé, ó béèrè iṣẹ́ tí ayàwòrán-ilé ń ṣe. Alágbàtà ṣàlàyé fún un ní èdè ìlú náà pé inú yàrá yìí ni yóò máa wà látàárọ̀ dalẹ́.

Ojú màmá tàn yẹ̀ẹ̀. Ó sáré jáde, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ méje wá lé ayàwòrán-ilé lọ́wọ́.

"Yàrá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà."

"Màmá ní ti àwọn aládùúgbò ni. Gbogbo wọn ti lọ síbi iṣẹ́ láti ìdájí. Ẹni tó fẹ́ tún páìpù ilé kẹta ṣe ń bọ̀ láago méjì. Àwọn ọmọ ilé kẹrin…"

Màmá rọra fọwọ́ gbá ayàwòrán-ilé léjìká, ó sọ gbólóhùn kan ṣókí. Alágbàtà lanu láti túmọ̀ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ni ayàwòrán-ilé wí. "Ìyá mi máa ń sọ ọ́."