Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tábìlì

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín padà," oníbàárà náà ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù. "Mo dè é mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ní ọgọ́fà lórí ọgọ́rin!"

Ẹni kẹta tó ké gbàjarè nìyí. Ojú ti obìnrin tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ ogún páálí ṣì wà nílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ méje tá a fi ń gbọjà padà ti kọjá."

Bó ṣe pa fóònù ni ìyá rẹ̀ pè.

"Ọmọ mi, mo ní kí aládùúgbò bá mi ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ rẹ, kí o má baà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Láràárọ̀, ọgọ́fà lórí ọgọ́rin! Mo ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi nù. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ rẹ."

Kò lè ṣe àmín.