Yàrá Tí Èèyàn Kì Í Kú Sí

Táyà tírélà ni ọkọ obìnrin kan ń fún látẹ́gùn nígbà tó bẹ́, tí irin inú rẹ̀ gbá a láyà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kó wọn sínú takisí tó ń wà, ó ń sáré bí ẹni tílé rẹ̀ ń jó. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù ẹ̀bá ọ̀nà, ó fẹ́ yà.

"Ẹ má yà, ọkọ mi kékeré," ni obìnrin náà wí. "Òkú ni wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀yẹn. Ọsibítù ńlá là ń lọ."

"Ìyàwó wa, ó jìnnà o. Èémí bùrọ̀dá mi ti ń já."

"Ẹ jẹ́ kó jìnnà. Ta ni ò mọ̀ pé èèyàn kì í kú ní yàrá pàjáwìrì wọn?"

Lóòótọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò ṣeré. Wàràwàrà ni wọ́n ti ki rọ́bà ọ̀síjìn bọ̀ ọ́ nímú. Dókítà fetí sí àyà rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó ṣí ojú rẹ̀ wò. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sí nọ́ọ̀sì àgbà létí.

"Ìyá, a ó gbé wọn lọ sókè," ni nọ́ọ̀sì wí. Bẹ́ẹ̀dì ló ń wò.

"Kíá báyìí? Ṣé ara wọn ti ń yá ni?"

"Ariwo ò sí lókè. Ẹ lè jókòó tì wọ́n."

Ní yàrá pàjáwìrì nísàlẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹbí kọjá ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà ọ̀síjìn.

"Wọn ò nílò ẹ̀ mọ́?"

"Wọn ò nílò ẹ̀ mọ́, ìyá."

Àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. "Ẹ ṣe kíá! Ẹ má dúró lójú ọ̀nà!" ni nọ́ọ̀sì ń pariwo tẹ̀lé wọn. Orí obìnrin náà wú. Ẹnikẹ́ni ò tíì ka ọkọ rẹ̀ sí tó báyìí rí.

Táyà bẹ́ẹ̀dì ń han. "Bàbá wọn," ó ní, "ẹ dìde o, iṣẹ́ yín ń pè yín. Táyà wọn ti jò."

Ètè ọkọ rẹ̀ mì díẹ̀. Ó kà á sí ẹ̀rín.

Yàrá òkè mọ́ tónítóní. Wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ sórí aṣọ funfun, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù. Obìnrin kan ń nulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Àǹtí, dókítà ò ní í pẹ́ dé, àbí?"

"Dókítà kì í gòkè wá síbí, ìyá mi," ni obìnrin tó ń nulẹ̀ náà wí, kò dáwọ́ dúró, "ẹni tí wọ́n bá ti rí i pé kò ní yè ni wọ́n ń gbé wá, kó má baà kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nísàlẹ̀."