Bóòtì Mẹ́rin Ìdí Ọkọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà sọ ọ́ lójú gbogbo ilé: bí ọkọ̀ òun bá lè lọ sí Kàbà kó sì padà láìdún, Christopher ni òun máa fi Títílọpẹ́ ọmọ òun fún.

Ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló ń dààmú ẹni. Irin kan wà níbẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sitẹbiláísà, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì bó bá ń yà ní kọ́nà. Ibi tí wọ́n ti fi bóòtì mẹ́rin so irin náà mọ́ ara ọkọ̀ ti ya. Àwọn wẹ́dà ti jó o títí ó fi sú wọn.

Christopher, wẹ́dà àdúgbò Gadumo, ni kò sú. Ó gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn, ó jó o mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tó ya. Olúṣínà fúnra rẹ̀ rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ pa iṣẹ́ náà. "Ọmọ yìí mọṣẹ́," ló wí. Bóòtì mẹ́rin ló kù láti dè.

Jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí Christopher gbọ́ ìpè ní ṣọ́ọ̀bù, ojú bàbá kò sì ríran ka fóònù mọ́, nítorí náà Títílọpẹ́ ló ń bá a tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Olùkọ́ Yorùbá ni, ní ilé ìwé kan ní àdúgbò Crusher. Kì í fo àmì kankan, kódà lórí fóònù, ó sì máa ń gé máàkì ọmọ tó bá gbàgbé ẹyọ kan. Nígbà tí bàbá kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ Christopher sílẹ̀, Títílọpẹ́ ní òun kò fẹ́ ẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ló ń ti ọmọ òun.

"Sọ fún un kó dè é dáadáa," ni bàbá wí.

"Mo ti gbọ́, Dádì." Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mórí lé Kàbà, àmọ́ ọkọ̀ kò tíì jáde ní àdúgbò Lokongoma tó fi bẹ̀rẹ̀: kó-kó-kó. Olúṣínà ṣẹ́rí padà, ó ní kí Títílọpẹ́ tún tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Christopher.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó dé Ọ̀bájánà. Ìdí ọkọ̀ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó rá wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá títì. Irin tí Christopher jó kò mira rárá, àmọ́ bóòtì ń yí lábẹ́ ìka rẹ̀. Inú bí i débi pé kò lè jẹun nígbà tó délé.

"Títí, ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ fún un, Dádì. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ."

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ kọjá ẹnu géètì. Ó ránṣẹ́ pe Christopher wá sílé.

"Okun o, sà," ni Christopher fi kí i.

Olúṣínà na ìka mẹ́rin sókè. "Bóòtì mẹ́rin, Christopher. Mẹ́rin péré. Ṣé ohun tí mo ní kí o ṣe lo ṣe?"

"Òun náà ni, sà. Ọkàn mi ò kọ́kọ́ gbà á, àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Mi ò lè bá yín jiyàn."

"Ọkàn rẹ ò gbà á?" Bàbá dìde. "Kí ni ọmọdé mọ̀?"

Christopher wo Títílọpẹ́. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì, kò gbójú sókè.

"Ẹni tí mi ò lè fi bóòtì lé lọ́wọ́, mi ò lè fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́," ni Olúṣínà wí. Ó dùn ún láti sọ ọ́, nítorí ó fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Máa lọ."

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Christopher ṣí fóònù, ó tún ka ọ̀rọ̀ kan náà tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tó mú kó gbé sípánà kó sì tú bóòtì tó ti fún pinpin tẹ́lẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ pé láìku ẹyọ kan: "Dádì ní kí ẹ dẹ̀ ẹ́ dáadáa."